Kí Ọ̀dà Tó Kan Ògiri: Ìbéèrè Yín Lórí Ilé Títà ní Ilé-Ifẹ̀

Lẹ́tà tí ẹ kọ lórí ilé títà pọ̀ ju ohun tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ, nítorí náà a ṣa mẹ́fà nínú wọn, a sì pa àwọn tó jọra pọ̀. Kí ẹ tó kà á, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó ń bọ̀ wá wo ilé kì í sábà dá wá mọ́. Ó ń mú bíríkìlà dání, lọ́yà rẹ̀ sì ń dúró de ìwé. Ohun tí ẹ bá bò mọ́lẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á hú u jáde, ibẹ̀ ni owó á sì ti já wálẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni mo fẹ́ tà ní Parakin, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ìsàlẹ̀ ògiri ń bó, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì ń hù lára rẹ̀. Pẹ́ńtà ní kí n jẹ́ kí òun fi ọ̀dà elépo kùn ún láti ilẹ̀ dókè kó lè bò ó. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Ìyá Tọ́lá, Parakin)

Ẹ má tíì ra ọ̀dà, mà. Omi ló wà nínú ògiri yín. Ọ̀dà elépo kò lè lé omi jáde, ńṣe ló máa sé e mọ́nú. Kò ní ju oṣù mélòó kan lọ tí ọ̀dà náà á fi wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, tí á sì máa ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Bí ẹni tó fẹ́ ra ilé bá bá a bẹ́ẹ̀, kò ní sọ pé ògiri tutù, á ní ẹ fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún òun ni.

Ẹ wá ibi tí omi ti ń wá ná. Bí àmì òtútù bá ga dọ́gba yíká yàrá, láti ilẹ̀ dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta, ilẹ̀ ni ògiri ti ń fa omi sókè, nítorí pé àwọn tó kọ́lé kò tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sórí fáǹdéṣọ̀n kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló tutù, pàápàá ògiri tó kọ ẹ̀yìn sí balùwẹ̀, páìpù ló ń jò. Bó bá sì jẹ́ ògiri tó kọjú síta nìkan, tó ń gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ jáde kí ẹ lọ wo ìdí ògiri náà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Ifẹ̀ níbí, iyẹ̀pẹ̀ pupa tí àgbàrá ń wọ́ wá lọ́dọọdún ti ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ. Kò sí bí ògiri bẹ́ẹ̀ ṣe lè gbẹ.

Ti iyẹ̀pẹ̀ yìí ni kò gba owó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà á kúrò títí ilẹ̀ ìta á fi rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá lọ ní ìńṣì mẹ́fà, ó kéré tán. Bí agbára bá wà, kí wọ́n da kọnkéré tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì yí ìdí ilé ká, kó dagẹ̀rẹ̀ síta. Iyọ̀ funfun yẹn ńkọ́? Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, torí omi á yọ́ ọ, ògiri á sì tún mu ún padà.

Lẹ́yìn náà, kí bíríkìlà ha gbogbo sìmẹ́ǹtì tó ti rà lára ògiri, kó ha á kọjá àmì òtútù ní ẹsẹ̀ bàtà kan sókè, kí ẹ sì fi ògiri sílẹ̀ ní ìhòòhò kó gbẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì nínú ẹ̀ẹ̀rùn sàn ju oṣù méjì nínú òjò lọ. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún un rẹ́, garawa sìmẹ́ǹtì kan sí garawa yanrìn odò mẹ́rin, kí wọ́n fi oògùn adènà-omi tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì po omi rẹ̀, bí a ṣe kọ ọ́ sára ike. Ẹ wá fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ọ̀dà tó kàn án. Ibi tí èèyàn kì í ti í ní sùúrù nìyí. Sìmẹ́ǹtì tútù ṣì ń ta, ó ṣì ní omi nínú, ọ̀dà tí ẹ bá sì kùn lé e lórí á ṣe pátipàti.

Bí ẹ bá ti parí ìsàlẹ̀, ẹ wo òkè. Àmì àwọ̀ tíì lára àjà ni ojú gbogbo ẹni tó ń ra ilé kọ́kọ́ ń lọ. Ẹ rán káfíńtà gun orí páànù kó wo ìṣó: orí ibi tó yọ sókè lára páànù ló yẹ kí ìṣó wà, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà ṣàn, kó sì ní rọ́bà lábẹ́ orí rẹ̀. Ìṣó tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó ló ń jò jù. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi èyí tó sanra díẹ̀ rọ́pò. Lẹ́yìn òjò ńlá méjì tí kò jò mọ́, ẹ tún àjà ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀dà olómi nìkan kò lè bo àmì tíì, yóò tún yọ jáde lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi ọ̀dà elépo funfun pa ojú àmì náà ná, kó gbẹ, kí ẹ tó wá kun ọ̀dà olómi lé e. Bí àjà yín bá jẹ́ ti asbestos àtijọ́, ẹ má fi sáńpépà kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ kun ọ̀dà sí i bó ṣe wà, tàbí kí wọ́n wọ́n omi sí i kó rin dáadáa kí wọ́n tó rọra yọ ọ́ lódindi.

Ọ̀dà ló kù báyìí. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 12, tí ògiri rẹ̀ ga ní 10, tó ní ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì, ògiri rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 40 níbùú lóòró. Lítà ọ̀dà olómi gidi kan ń kun nǹkan bíi mítà 10 lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kíkùn ẹ̀ẹ̀mejì gba lítà mẹ́jọ. Ike ńlá oní-lítà 20 kan á kun yàrá méjì, á sì kù díẹ̀ fún àtúnṣe. Bí pẹ́ńtà bá ní ike kan á tó fún gbogbo ilé, ẹ bi í léèrè iye omi tó fẹ́ bù sí i. Funfun tàbí àwọ̀ mílíìkì ni kí ẹ lò nínú ilé. Níta, ẹ lè kun ẹsẹ̀ bàtà méjì ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ tó dúdú díẹ̀, kí ẹrẹ̀ pupa tí òjò ń ta sí ògiri má máa hàn. Ẹ̀yìn tí ògiri bá gbẹ ni o.

Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ni bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ìlàrè. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá ní. Gbogbo wa ti gbà láti tà á, àfi àbúrò bàbá wa tí a kò tíì sọ fún. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní ká dáwó pààrọ̀ páànù, ká sì tún ilé rẹ́ kí ojú rẹ̀ lè fani mọ́ra. (Ọmọ olóògbé, Ìlàrè)

Ẹ bá wa bẹ ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n so owó páànù náà rọ̀ ná. Ẹni tó bá ra ilé alámọ̀ láàárín ìlú, ilẹ̀ rẹ̀ àti ojú títì ló rà, ó sì ṣeé ṣe kó wó ilé náà kí ọdún tó yípo. Kò ní fi kọ́bọ̀ kún owó yín nítorí páànù tuntun. Rírẹ́ yẹn gan-an kì í pẹ́ lára amọ̀. Amọ̀ ń wú lójò, ó ń sún kì lẹ́ẹ̀rùn, sìmẹ́ǹtì kì í bá a wú kì í bá a sún kì, bí wọ́n ṣe ń pínyà nìyẹn. Ẹ fi ìka kan ògiri náà lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ẹ ó gbọ́ ibi tí ohùn ti ṣófo.

Iṣẹ́ tó yẹ ibẹ̀ kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ: kí wọ́n ro igbó, kí wọ́n kó pàǹtí, kí wọ́n yọ páànù tó ń já bọ̀ kó má ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ẹ wá kó owó tó kù fún awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ jẹ́ kó wọn ilẹ̀ náà, kó ri òpó bíkìn sí igun kọ̀ọ̀kan, kó sì ya sọ́fè rẹ̀, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ náà. Ẹ pe àwọn tó múlé tì yín kí wọ́n rí bó ṣe ń ri í. Òpó tí ará àdúgbò bá fojú ara wọn rí bí ẹ ṣe ń rì í ṣòroó jà sí lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá yín ló ká wa lára jù. Ẹ wádìí ná bóyá bàbá yín ló dá ilẹ̀ yẹn ní, àbí ti ẹbí ńlá ni. Bó bá jẹ́ ti ẹbí ńlá, tí àbúrò bàbá sì ni olórí ẹbí, títà tí ẹ bá tà láìsí wọn kò múlẹ̀ rárá lójú òfin, bí gbogbo ẹ̀yin yòókù tilẹ̀ fọwọ́ sí i. Bí olórí ẹbí náà bá sì dá tà láìgba ẹnu àwọn àgbà ẹbí, ilé ẹjọ́ lè yí i padà bí wọ́n bá tètè ké gbàjarè. Bó bá jẹ́ ti bàbá yín nìkan, àkọ́bí ọkùnrin tó wà láyé ni dáwódù, ìyẹn olórí ìdílé, ẹni kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé náà pẹ̀lú rẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta, ìdí-igi mẹ́ta, bí gbogbo wọn bá bímọ. Ẹ kọ ìpàdé tí ẹ ṣe sílẹ̀, kí gbogbo wọn tẹ̀ka tàbí kí wọ́n kọ orúkọ sí i. Lọ́yà ẹni tó ń rà á á béèrè ìwé yìí kó tó béèrè iye yàrá.

Ẹ̀yin ará àárín Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tún wà fún yín. Ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ fáǹdéṣọ̀n ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ni àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ ti jáde. Bí ẹ bá ń wa ilẹ̀ ìdí ògiri, tí ṣọ́bìrì kan àpáàdì tí wọ́n tò ní ọ̀nà, tàbí ère, ẹ dá iṣẹ́ dúró kí ẹ sì fi tó àwọn mùsíọ́ọ̀mù létí. Òfin ló ní kí ẹ sọ, òun ló sì ní ká má tà á lẹ́yìn. Ẹni tó bá ní òun á ra nǹkan náà lọ́wọ́ yín ní bòókẹ́lẹ́ ń fa wàhálà bá ilé tí ẹ fẹ́ tà.

Ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" sí ara fẹ́ǹsì ilé mi. Mo ti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ń yọ. Kí ni kí n fi pa á? (Alàgbà, Ẹlẹ́yẹlé)

Ọ̀dà pupa elépo ni wọ́n lò, òun ló ń gba inú ọ̀dà olómi jáde. Ẹ fi sáńpépà tó rí ṣákiṣàki ha á títí dídán rẹ̀ á fi lọ, kí ẹ fi ọ̀dà elépo funfun pa á lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kó gbẹ mọ́jú, kí ẹ wá fi ọ̀dà olómi kun gbogbo ojú fẹ́ǹsì náà, kì í ṣe ojú ibẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá kun ojú ibẹ̀ nìkan, àwọ̀ rẹ̀ á yàtọ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá á sì mọ̀ pé wọ́n ti kọ nǹkan síbẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n, bàbá, ta ló kọ ọ́? Ọ̀pọ̀ onílé ló ń kọ ọ́ fúnra wọn nítorí àwọn gbájúẹ̀ tó ń ta ilé onílé. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ kọ ọ́, ẹnì kan ń jà sí ilé náà, ará àdúgbò sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fẹ́ rà á á béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun níwájú ilé yín, wọ́n á sì sọ fún un. Ẹ yanjú rẹ̀ kí ẹ tó pa á. Bí ẹjọ́ bá wà nílé ẹjọ́ lórí ilé náà, ẹ má tà á, ẹ má sì gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí ohun tí ilé ẹjọ́ bá dá ló máa dè é.

Sàréè ìyá wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ilé tí a fẹ́ tà. Àjẹ́ǹtì ní ká gbin òdòdó yí i ká kó má hàn. (Ìdílé kan ní Mọ́òrè)

Òdòdó kò bo sàréè, ẹ jọ̀wọ́. Ohun tí èèyàn rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń dúnàádúrà lé lórí. Èyí tí wọ́n bá rí lẹ́yìn tí owó ti kúrò lọ́wọ́ ló ń di ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó rọrùn ni kí awọnlẹ̀ gé ibẹ̀ kúrò lára ohun tí ẹ ń tà. Níwọ̀n bó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní 10 á tó, pẹ̀lú ọ̀nà àbáwọlé láti ojú títì, kí ẹ má bàa máa gba inú ọgbà onílé kọjá nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe ìrántí. Kí sọ́fè tuntun fi hàn, kí ìwé àdéhùn sì sọ ọ́ ní kedere. Ẹ mọ odi kékeré yí i ká kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn wá wò. Owó ilé á wálẹ̀ díẹ̀, kò sí àní-àní. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ hú egungun ìyá, kí ẹ lọ tún un sin. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ alẹ́. Gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan, kí lọ́yà bá yín gba ìwé àṣẹ, kí àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ sì mọ̀ sí i. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọ bá kọ̀, ẹ padà sí ọ̀nà àkọ́kọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU ló kún ilé mi. Ṣé kí n lé wọn jáde kí n tó tà á? (Onílé, Aṣẹ̀rífà)

Rárá. Ẹni tó ń ra ilé akẹ́kọ̀ọ́, owó ilé ọdọọdún ló ń wò, ilé tó ṣófo á sì mú un ro pé omi tàbí olè ló lé wọn. Ohun tí ẹ ó tò sílẹ̀ fún un ni ìwé àdéhùn yàrá kọ̀ọ̀kan, risíìtì, àti ọjọ́ tí owó kálukú á parí. Ẹ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ọjọ́ méjì ṣáájú kí ẹ tó mú àlejò wọ yàrá wọn. Bí ẹni tó ń rà bá ní òun fẹ́ fúnra òun wọ ibẹ̀, ẹ rántí pé oṣù mẹ́fà ni ìkìlọ̀ ayálégbé olódọọdún bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ẹ má sì ṣèlérí pé ilé á ṣófo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ san gbèsè iná tó wà lórí mítà, torí gbèsè kì í bá onílé kó lọ, ara mítà ló ń dúró sí.

Gbogbo ẹni tó wá wo ilé wa ló ń béèrè kànga. Omi rẹ̀ kì í gbẹ, ṣùgbọ́n ó ní òórùn díẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní Ìlú Ọba tún ní kí n fi fídíò ilé ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ òun tó fẹ́ rà á. (Ìyá àgbà, Ìrémọ)

Mà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi okùn wọn bí kànga ṣe jìnnà sí sókàwé, ti yín àti ti aládùúgbò. Mítà 30 ni wọ́n máa ń dámọ̀ràn, ìyẹn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà. Ilẹ̀ tó jẹ́ 50 ní 100 kò lè fún yín ní ìyẹn àfi bí ọ̀kan bá wà ní igun iwájú, tí èkejì wà ní igun ẹ̀yìn. Kò tilẹ̀ sí ohun tí ẹ lè ṣe sí sókàwé aládùúgbò. Nítorí náà, bó bá sún mọ́ra, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ sì pè é ní omi ìfọṣọ àti ìwẹ̀.

Ní ti òórùn, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ fa omi rẹ̀, kó kó ewé àti ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ jáde, kó sì fi sìmẹ́ǹtì dí ibi tó ti la nítòsí ẹnu. Bí omi bá padà, ẹ fi okùn olókùúta wọn jíjìn rẹ̀. Kànga tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, tí omi inú rẹ̀ jìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, gba nǹkan bíi lítà omi 2,000. Lítà bílíìṣì kan sí kan àbọ̀ tí kò ní lọ́fínńdà ni fún lítà omi 1,000, nítorí náà lítà méjì sí mẹ́ta á tó o. Ẹ dà á yíká ẹnu kànga, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni má mu ún, kí ẹ wá fa omi náà dànù títí òórùn bílíìṣì á fi lọ. Bí òórùn àtijọ́ bá padà láàárín oṣù kan, sókàwé ló ń wọ inú rẹ̀, bílíìṣì kò sì ní yanjú ìyẹn. Ẹnu kànga gbọ́dọ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kó ní ìdérí tó ṣeé tì.

Fídíò: aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀ ni kí ọmọkùnrin kan yà á, kó dá fóònù bùú lọ́wọ́, kó rọra máa rìn. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì, kó gba géètì wọlé, kó wọ yàrá kọ̀ọ̀kan láìgé e, nítorí fídíò tí wọ́n gé máa ń múni fura. Kó ṣí gbogbo fèrèsé, kó tan iná, kó ṣí ẹ̀rọ omi kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ṣàn, kó sì ya ojú mítà iná. Kó ya igun tó bá la pẹ̀lú. Ẹ má ya ìwé ilé sínú fídíò rárá. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí lọ́yà yín fi ránṣẹ́ sí lọ́yà ẹni náà, kí ìyẹn lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Òṣogbo. Bó bá jẹ́ pé C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, ni ilé náà ní, ẹ sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà náà gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ti 1978 ṣe wí, kí ẹ sì fẹnu kò lórí ẹni tó máa san owó rẹ̀ kí ẹ tó sọ iye ilé.